ÌTÀN ALMA ROSÉ, ONÍGÒJÉ TÍ A LÉ KÚRÒ NÍ ÌLÚ RẸ̀

Àwíyé fún àwọn ará ìjọ ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ọ̀rọ̀ tí a mú tọ̀ yín wá ni ìtàn obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gòjé òyìnbó títa, tí ó dá ẹgbẹ́ eléré ijó sílẹ̀, tí a sì lé kúrò ní ìlú tí a gbé bí i nítorí ẹ̀yà tí àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Alma Rosé ni orúkọ rẹ̀. Júù ni àwọn tí ó lé e pè é.

Àwọn Júù kò ṣàjèjì sí etí wa. Láti ìgbà èwe ni a ti ń gbọ́ ìtàn Ábúráhámù àti Mósè, àti bí a ṣe kó àwọn ọmọ Ísírẹ́lì lọ sí ìgbèkùn ní Bábílónì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń rò pé ìtàn wọn parí síbi tí Bíbélì parí sí. A máa ń gbàgbé pé wọ́n wà láàrin àwọn orílẹ̀-èdè títí di òní, tí wọ́n ń ṣòwò, tí wọ́n ń kọ́lé, tí wọ́n ń tọ́mọ, tí wọ́n sì ń sin òkú wọn gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe. Ìgbèkùn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ti ayé àtijọ́. Nígbà tí ó ṣẹlẹ̀, a ti kọ́ ilé ìsìn sí Ìjẹ̀bú-Òde, a ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìwé, ìwé ìròyìn sì ń wọ ìlú.

Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan yóò béèrè pé, kí ni orin ijó wá ṣe nínú àwíyé tí a ń ṣe fún ará ìjọ? A dáhùn pé ọwọ́ kan náà ni ó ń ṣe orin méjèèjì. Ẹ rántí Fẹlá Ṣówándé, ọmọ Yorùbá tí a bí ní 1905, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ àlùfáà àti olórin ìjọ. Ó rékọjá òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ń tẹ dùrù fún àwọn oníjó ní alẹ́, lẹ́yìn náà ó sì di ẹni tí ń tẹ dùrù ìsìn ní Kingsway Hall. Ṣówándé fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ lọ, ilẹ̀kùn ilé sì ṣí sílẹ̀ fún un láti padà. Àwọn àgbà wa sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tí a ti ilé mọ́ lẹ́yìn, tí kò sí ibi tí yóò padà sí, òun ni ẹni tí à ń sọ ìtàn rẹ̀.

I. ILÉ TÍ A BÍ I SÍ

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá ọdún 1906 ni a bí Alma ní Vienna, olú ìlú Ọ́sítríà. Bí a bá ń wá ìlú tí orin jẹ́ ìlú rẹ̀, Vienna ni. Arnold Rosé, bàbá rẹ̀, ni olórí àwọn onígòjé nínú ẹgbẹ́ eléré ńlá ti ìlú náà láti 1881. Justine, ìyá rẹ̀, jẹ́ àbúrò Gustav Mahler, ọ̀kan nínú àwọn tí ó mòye jù lọ nínú orin kíkọ sílẹ̀ ní gbogbo Yúróòpù. Orúkọ aya Mahler ni a fi sọ ọmọ náà.

Ilé Rosé ti fi ẹ̀sìn àwọn Júù sílẹ̀ kí a tó bí Alma. Nínú ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ni a gbé rì í bọmi. Ẹ fi èyí sí ọkàn yín, nítorí a óò padà sórí rẹ̀.

Láti kékeré ni bàbá ti fi gòjé lé e lọ́wọ́. Ní 1926 ó dúró níwájú àwọn ènìyàn Vienna ní gbọ̀ngàn ńlá orin, òun àti bàbá rẹ̀ sì jọ ta gòjé wọn pọ̀ nínú iṣẹ́ kan tí Bach kọ fún onígòjé méjì. A gba iṣẹ́ náà sínú àwo ẹ̀rọ orin pẹ̀lú, a sì lè gbọ́ ọ títí di òní: ohùn bàbá ń lọ níwájú, ohùn ọmọ ń dáhùn, nígbà mìíràn ọmọ ni yóò ṣíwájú. Ní 1930 ó fẹ́ Váša Příhoda, onígòjé ará Czech tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò. Ìgbéyàwó náà sì tú ká ní 1935.

II. ẸGBẸ́ ÀWỌN ỌMỌBÌNRIN

Wàyí o, ẹ kíyè sí i. Ẹgbẹ́ eléré ńlá tí bàbá rẹ̀ jẹ́ olórí onígòjé nínú rẹ̀ kì í gba obìnrin. Títí di 1997 ni ẹgbẹ́ náà kò fi gbà pé kí obìnrin di ọmọ ẹgbẹ́. Nítorí náà, bí Alma tilẹ̀ ta gòjé ju ọkùnrin mẹ́wàá lọ, àga kò sí fún un nínú ilé tí bàbá rẹ̀ ti lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Kò jókòó máa sunkún. Ní 1932 ó kó àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin jọ, ó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tí a ń pè ní Wiener Walzermädeln, èyí tí ó túmọ̀ sí Àwọn Ọmọbìnrin Waltz ti Vienna. Waltz ni ijó tí ọkùnrin àti obìnrin ń jó yípo, tí ìlú Vienna fi lókìkí.

Wọ́n ń wọ aṣọ gígùn olóòlé tí ó bára mu. Alma a dúró níwájú wọn pẹ̀lú gòjé rẹ̀. Òun ni ó ń darí, òun náà ni ó ń ta. Ẹ má ṣe rò pé eré lásán ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ orin wọn ní àmọ́tán. Kò sí ẹni tí ó lè pẹ́ wá síbi ìmúrasílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ìwọ̀sí hùwà. Ọ̀pọ̀ ìlú Yúróòpù ni wọ́n ti ṣeré, ìyìn sì tẹ̀ lé wọn.

Ará Ìjẹ̀bú kò lè ṣàì mọ̀ bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣòro tó. Nígbà tí Hubert Ògúndé, ọmọ Òṣóṣà, sọ eré ìtàgé di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ní 1945, kì í ṣe ohun kékeré láti rí obìnrin tí yóò bá a ṣe é, nítorí ojú aláìníwà ni ayé fi ń wo obìnrin tí ń ṣeré níwájú èrò. Ẹni tí ó bá lè kó obìnrin jọ, tí ó sọ wọ́n di ẹgbẹ́ tí a ń bọ̀wọ̀ fún, ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Alma ṣe é. Kò mọ̀ pé ọgbọ́n tí òun fi ń ṣe é yóò tún di ohun tí òun yóò lò ní ibi tí ó burú jù lọ ní ayé.

III. ÌWÉ NI A KỌ́KỌ́ LÒ

Àwọn bàbá wa ní, igi gangaran má gùn mí lójú, láti òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ má ṣe rò pé ìbọn ni a kọ́kọ́ fi lé àwọn Júù. Ìwé ni. Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kìn-ín-ní ọdún 1933 ni Adolf Hitler di olórí ìjọba Jámánì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni tí yóò bá fi orin, tàbí eré, tàbí ìwé kíkọ jẹun gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tí ìjọba dá. Ó dàbí òfin tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Kí ni ó burú nínú kí oníṣẹ́ fi orúkọ sílẹ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tí orúkọ pé sínú ìwé tán, ó rọrùn láti yọ èyí tí a kò fẹ́. A yọ àwọn Júù. Ẹni tí a bá sì yọ kò lè ta gòjé gba owó mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Jámánì.

Àwọn kan ti rí ibi tí ọ̀ràn ń lọ kí òfin náà tó jáde. Dajos Béla, onígòjé Júù tí a bí ní Kyiv ní 1897, ni olórí ẹgbẹ́ eléré ijó kan tí ó lókìkí jù lọ ní Berlin. Àwo orin rẹ̀ kún ilé àwọn tí ó ní ẹ̀rọ orin. Ó fi Jámánì sílẹ̀ ní 1933, ó sì kọjá òkun lọ tẹ̀dó sí Buenos Aires ní ilẹ̀ Argentina. Ilẹ̀ náà ni ó kú sí ní 1978. Paul Godwin, onígòjé Júù mìíràn tí ayé ń jó sí orin rẹ̀, sá lọ sí Hólàǹdì ní 1933 kan náà. Hólàǹdì súnmọ́ ilé, Argentina jìnnà. Ẹ óò rí ohun tí èyí já sí.

Ní 1935 ìjọba Jámánì ṣe òfin mìíràn. Ẹni tí mẹ́ta nínú àwọn òbí àgbà rẹ̀ mẹ́rin bá jẹ́ Júù, Júù ni òun náà, ìbáà ṣe pé a ti rì í bọmi, ìbáà ṣe pé ó ń jẹ Oúnjẹ Olúwa lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni omi ìrìbọmi tí a dà lé Alma lórí kò já mọ́ nǹkankan lójú òfin náà.

Ẹ jẹ́ kí a béèrè ìbéèrè kan. Níbo ni ìjọba ti lè mọ ẹ̀sìn bàbá bàbá ènìyàn? Inú ìwé ìrìbọmi ìjọ ni. Àwọn àlùfáà àti akọ̀wé ìjọ ṣí ìwé àtijọ́ wọn, wọ́n ń wá orúkọ, wọ́n ń ṣe àdàkọ rẹ̀, wọ́n ń lu òǹtẹ̀ ìjọ mọ́ ọn. Ẹni tí a bá bá orúkọ àwọn bàbá ńlá rẹ̀ nínú ìwé náà a gbé e lọ fi gba iṣẹ́. Ẹni tí a kò bá tirẹ̀ a pàdánù iṣẹ́, a pàdánù ilé, àti níkẹyìn ẹ̀mí rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ ìwé wọ̀nyí kò na ẹnikẹ́ni ní ẹgba rí. Akọ̀wé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n, lẹ́tà wọn gún, àkọsílẹ̀ wọn mọ́. Èyí gan-an ni ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù, àwa tí a ń ṣí ìwé ìrìbọmi lọ́jọ́ ìsinmi, tí a sì ń rò pé ohun mímọ́ tí kò lè pa ènìyàn ni.

Òtítọ́ ni pé àwọn kan kọ̀. Ní 1933 kan náà, nígbà tí a fẹ́ yọ àwọn àlùfáà tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ Júù lára kúrò nínú iṣẹ́ ìjọ, Martin Niemöller kó àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ láti tako ọ̀ràn náà. Ní 1937 a mú un, a kò sì dá a sílẹ̀ títí ogun fi parí ní 1945. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ̀ kò pọ̀ tó àwọn tí ó ń kọ̀wé.

IV. ÌJÁDE KÚRÒ NÍ VIENNA

Ní oṣù kẹta ọdún 1938 ni àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ Ọ́sítríà, wọ́n sì so ilẹ̀ náà mọ́ tiwọn. Arnold Rosé ti jókòó sí àga olórí onígòjé fún ọdún 57. Ó ti di ẹni ọdún 74. A ní kí ó máa lọ. Ẹlòmíràn jókòó sí àga rẹ̀, orin sì ń lọ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin náà tú ká. Ní oṣù kẹjọ, Justine ìyá Alma kú. Alfred ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sá lọ sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú aya rẹ̀. Ó wá ku bàbá arúgbó àti ọmọbìnrin kan.

Àwọn tí kò sá rí kò mọ̀ pé sísá gba owó, ó gba ìwé, ó gba ẹni tí yóò ṣe onígbọ̀wọ́ fún ni ní òkè òkun. Alma sáré kiri títí ó fi rí ọ̀nà. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọdún 1939, òun àti bàbá rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ikú. Bí ìtàn bá parí síbẹ̀, a ì bá máa dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ ikú gbọ́dọ̀ jẹun. Àlejò tí ogun lé dé Lọ́ńdọ̀nù kò rí àyè ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ó ti fẹ́, nítorí àwọn onílé náà ń wá iṣẹ́. Bàbá ti dàgbà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1939, lẹ́yìn tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, Alma gba ìpè láti lọ ta gòjé ní hótẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní The Hague, ní Hólàǹdì. Hólàǹdì kò sí nínú ogun nígbà náà. Ó lọ kí ó lè rí owó fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Obìnrin yìí ti wà ní ibi ààbò. Kò sí ẹni tí ó lé e jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Oúnjẹ bàbá rẹ̀ ni ó mú un sọdá òkun padà. A máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa láti bu ọlá fún bàbá àti ìyá wọn. Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà níhìn-ín mọ iye tí ọmọ tí ń fi owó ránṣẹ́ sí ilé ń fara dà, àti iye tí ó ń fi pamọ́ fún ẹni tí ó wà nílé. A lè sọ nísinsin yìí pé kò yẹ kí ó lọ. Àwa tí a mọ òpin ìtàn ni a lè sọ bẹ́ẹ̀.

V. HÓLÀǸDÌ ÀTI ILẸ̀ FARANSÉ

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún ọdún 1940, Jámánì kọlu Hólàǹdì. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ ilẹ̀ náà ṣubú, ilẹ̀kùn sì tì mọ́ Alma. A fi òfin de àwọn Júù kí wọ́n má ṣe ta orin níwájú gbogbo ènìyàn mọ́. Àwọn olóòótọ́ kan ní Hólàǹdì ṣí ilé wọn fún un. Ó ń ta gòjé nínú yàrá wọn níwájú ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn, ẹ̀bùn tí wọ́n bá fún un ni ó ń jẹ. Paul Godwin tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà há sínú ilẹ̀ kan náà. Ó là á já, ó sì pẹ́ láyé lẹ́yìn ogun. Dajos Béla ní tirẹ̀ wà ní Argentina, níbi tí ogun kò dé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ gòjé í ta. Kì í ṣe ọgbọ́n ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀ bí kò ṣe ẹnubodè tí ó ṣí fún ẹnìkan tí ó sì tì mọ́ ẹnìkejì.

Ní 1942 a bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn Júù Hólàǹdì sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Alma fi gòjé rẹ̀ tí ó níye lórí pamọ́ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kan, ó sì sá. Ó gba Bẹ́ljíọ̀mù wọ ilẹ̀ Faransé, ó ń wá ọ̀nà dé Switzerland. Ní oṣù kejìlá ọdún náà a mú un ní ìlú Dijon. A gbé e lọ sí àgọ́ Drancy lẹ́bàá Paris. Ní oṣù keje ọdún 1943 a kó o pẹ̀lú nǹkan bí 1,000 ènìyàn sínú ọkọ̀ ojú irin kan náà, a sì kó wọn lọ sí Auschwitz ní ilẹ̀ Pólàǹdì.

VI. ORIN NÍ ẸNU Ọ̀NÀ IKÚ

A kò ní fa ọ̀rọ̀ Auschwitz gùn. Nǹkan bí 1,100,000 ènìyàn ni a pa níbẹ̀, nǹkan bí 1,000,000 nínú wọn sì jẹ́ Júù: àgbà, aboyún, ọmọ ọwọ́. Ní gbogbo Yúróòpù, nǹkan bí 6,000,000 Júù ni ìjọba Hitler pa.

A kọ́kọ́ fi Alma sínú ilé kan tí àwọn oníṣègùn ti ń fi ara obìnrin dán nǹkan wò. Àwọn kan dá a mọ̀ pé òun ni onígòjé ti Vienna. Ní ọdún náà àwọn ọ̀gá àgọ́ ti pàṣẹ kí a dá ẹgbẹ́ eléré obìnrin sílẹ̀ láàrin àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Ìdí rẹ̀ ni pé kí wọ́n máa ṣe orin ológun lẹ́nu ọ̀nà ní òwúrọ̀ nígbà tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń jáde lọ síbi iṣẹ́ àṣekú, àti ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, kí ẹsẹ̀ wọn lè máa lọ déédéé, kí ó sì rọrùn láti kà wọ́n. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1943, a fi Alma ṣe olórí ẹgbẹ́ náà.

Ohun tí ó bá níbẹ̀ kò jọ ẹgbẹ́ eléré. Àwọn ọmọbìnrin kan kò tíì mọ ohun èlò wọn í lò dáadáa. Ìwé orin kò tó. Ohun èlò tí ó wà kò bára mu. Alma tún ohun tí ó ti ṣe ní 1932 ṣe. Ó to àwọn ọmọbìnrin náà, ó ń pín orin fún olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀, ó ń mú wọn ṣe ìmúrasílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ wákàtí lójoojúmọ́. Ó le. Àwọn tí ó yè sọ lẹ́yìn náà pé ó ń fi yé wọn pé bí eré wọn kò bá dára, wọ́n yóò lọ sí ibi tí àwọn yòókù ń lọ. Nípa iṣẹ́ rẹ̀ ni a fi fún wọn ní ilé tí a tẹ́ pákó sí, àti àdògán tí ó ń mú ilé gbóná, kí ohun èlò má bàa bàjẹ́. A sì ń ka iye wọn nínú ilé, wọn kì í dúró nínú òjò dídì bí àwọn yòókù. Ohun tí a ṣe nítorí igi àti okùn gòjé ni ó gba ènìyàn là. Ju 40 obìnrin àti ọmọbìnrin ni wọ́n wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, púpọ̀ jù lọ nínú wọn sì rí òpin ogun.

Alma kò rí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ọdún 1944, àìsàn òjijì kọlù ú, ó sì kú láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ẹni ọdún 37 ni. Bàbá rẹ̀, tí ó tìtorí rẹ̀ sọdá òkun, wà láàyè ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó gbọ́ ìròyìn náà lẹ́yìn ogun, ó sì kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1946.

Anita Lasker, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 19 nígbà tí ó dé inú ẹgbẹ́ náà, ni ó ń ta gòjé ńlá tí a ń fi sí àárín orúnkún. Ó là á já, ó lọ sí Ẹ̀ńgíláǹdì ní 1946, ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ eléré English Chamber Orchestra sílẹ̀, ó sì ń sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ ilé ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀rí irú rẹ̀ ni ó jẹ́ kí a mọ̀ ohun tí Alma ṣe.

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn ta orin fún apànìyàn? Ìbéèrè yìí ti dun ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì tún dun àwọn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ náà fúnra wọn. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan kórìíra orin náà, nítorí wọ́n ń gbọ́ ọ bí wọ́n ti ń gbé òkú ẹlẹgbẹ́ wọn bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Àwọn mìíràn sọ pé ó rán wọn létí pé ènìyàn ni àwọn. A kò rò pé ó yẹ kí ẹni tí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ìjọ, tí ó ti jẹun, tí ó sì mọ ibi tí yóò sùn, ṣe adájọ́ ẹni tí ó wà nínú iná. Ẹ̀bi náà wà lórí àwọn tí ó dá àgọ́ náà sílẹ̀. Ẹni tí a fi okùn sí lọ́rùn, tí ó sì fi ìwọ̀nba àyè tí ó ní gba ẹ̀mí ogójì là, a kò ní fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

VII. OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Bí a bá gbọ́ ìtàn yìí tí a sì sọ pé òyìnbó ni ó ṣe é sí òyìnbó, a kò tíì gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa.

Ní 1966 a pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará Íbò ní ìhà àríwá ilẹ̀ wa, ìbẹ̀rù sì mú kí ọ̀pọ̀ nínú wọn sá kúrò ní Èkó pẹ̀lú. Àwọn eléré ijó háílàìfù tí ó jẹ́ ará ìlà-oòrùn wà lára àwọn tí ó di ẹrù wọn. Ohùn fèrè wọn dákẹ́ ní ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ijó Èkó, ijó Èkó kò sì rí bákan náà mọ́.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà lábẹ́ Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kàn jẹ́ Yorùbá, tí ó ti wà níbẹ̀ láti ìran bàbá wọn, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ní ilé, tí wọ́n ń sin Ọlọ́run ní èdè Yorùbá ní Àkárà àti Kùmásí. Wọ́n padà wá sí ilé tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn kò fi ojú rí rí. A bá wọn sunkún.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ọdún mẹ́tàlá ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìjọba tiwa ní Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé jáde, ọ̀sẹ̀ méjì kan náà ni a sì fún wọn. Ó ju 1,000,000 ènìyàn tí ó jáde, àwọn ará Gánà ni ó pọ̀ jù nínú wọn: tíṣà, bíríkìlà, télọ̀, alágbàṣe. Àpò tí wọ́n fi di ẹrù wọn ni à ń pè ní Ghana Must Go títí di òní, a ń rà á ní ọjà, a ń fi í di aṣọ, a sì ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀. Mélòó nínú wa ni ó bá wọn sunkún? Àwọn tíṣà wọ̀nyí ti kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìwé. Òmíràn nínú wọn ti bá wa jókòó nínú ìjọ. A kò sọ pé ohun tí a ṣe dọ́gba pẹ̀lú Auschwitz, kò dọ́gba. Ohun tí a ń sọ ni pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà kò ṣòroó rìn, àti pé àwa náà ti fi ẹsẹ̀ wa tẹ̀ ẹ́.

Àwa ará Ìjẹ̀bú mọ ohun tí odi jẹ́. Erédò Sùngbọ́ tí ó yí ilẹ̀ wa ká gùn tó nǹkan bí 100 máìlì. Àwọn bàbá wa ṣọ́ ẹnubodè wọn gidigidi, àlejò kò sì lè gba àárín ilẹ̀ wọn kọjá bí ó ti wù ú, títí ogun Ìmàgbọ̀n fi jà ní 1892. Ṣùgbọ́n lónìí, ìlú wo ni kò sí Ìjẹ̀bú nínú rẹ̀? A wà ní Èkó, a wà ní Ìbàdàn, a wà ní Kánò, a wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwa tí a jẹ́ àlejò níbi gbogbo, ó yẹ kí a mọ bí a ti ń ṣe àlejò nílé.

Nítorí náà, a fi nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ fún yín. Ìkínní: nígbàkúùgbà tí a bá ní kí ẹ kọ orúkọ àwọn ènìyàn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà wọn tàbí ìlú tí wọ́n ti wá, ẹ béèrè ohun tí a fẹ́ fi ìwé náà ṣe, kí ẹ tó mú kálàmù. Ìkejì: ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní iṣẹ́ ọwọ́, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ni ẹrù tí ẹni tí à ń lé lè gbé sá, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tàn wọ́n pé iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ń gba ni là, nítorí Alma mọ iṣẹ́. Ìkẹta: bí a bá ń lé aládùúgbò yín, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ó bá kan ìdílé tiyín kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Àwọn tí ó bá Arnold Rosé jókòó fún ọdún 57 gbọ́ nígbà tí a ní kí ó máa lọ.

Ọ̀rẹ́ tí Alma fi gòjé rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Hólàǹdì tọ́jú rẹ̀ títí ogun fi parí, kò sì tà á, bí ebi tilẹ̀ pa ilẹ̀ náà púpọ̀. Ẹni náà kò gbé ìbọn, kò sì sọ̀rọ̀ níwájú ọba kankan. Ó kàn gbà láti tọ́jú ohun àlejò, ó sì tọ́jú rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò kọjá agbára ẹnikẹ́ni tí ó wà níhìn-ín.